Ìlànà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Kọ́ Rélùwéè sí Pálọ̀ ní Rẹ́mọ

Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin èèyàn Rẹ́mọ tí rélùwéè kékeré wọ̀ lójú. Ìlànà yìí kò wà fún ọlọ́gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n á mú téèpù, á wọn yàrá rẹ̀, á ka owó tó wà lápò rẹ̀, á sì pinnu irú rélùwéè tó fẹ́ ṣe kó tó ná kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ rà á ná, kí ẹ tó wá mọ ohun tí ẹ rà, ẹ̀yin ni mo jókòó tì.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n fún yín. Bó bá ti ń sọ pé 1:87 ni pé mítà 87 lójú ayé ti di mítà kan ṣoṣo lórí tábìlì, ẹ yán, ẹ wo fóònù yín. Bó bá tún fẹ́ la yín lọ́yẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe dín ọkọ̀ kù, ọ̀tọ̀ sì ni àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì, ẹ ní kó dákẹ́, ẹ gbé ọtí fún un. Lẹ́tà ni kí ẹ mọ̀: Z, N, HO, OO, S, O, G. Ẹ mú èyí tó bá orúkọ yín mu. Kí Olú mú O, kí Gbénga mú G. Ẹni tó bá ní Z lòun fẹ́ ti fi hàn gbogbo ayé pé ìwé òun kọjá a, b, d, nítorí kò sí Z nínú lẹ́tà tiwa.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ yín, G ni kí ẹ gbá mú. G tóbi, ó hàn, àlejò kò ní í béèrè pé kí nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ Lehmann ní Jámánì ló gbé e jáde lọ́dún 1968 ní ìwọ̀n 1:22.5, lórí irin tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 45, inú ọgbà òdòdó ni wọ́n sì ṣe é fún. Ọgbà òdòdó, ẹ gbọ́ o. Ìyẹn kò kàn yín. Ẹ tẹ́ irin yín láti ẹ̀yìn kíṣìnnì dé ìdí kànga, kí ẹ gbà á gba abẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, kí ẹ sì máa retí òjò oṣù keje. Bí ewúrẹ́ ìyá onílé bá dúró sáàárín irin, ẹ fọn fèrè fún un. Ewúrẹ́ tó dàgbà sétí ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù, tó ti wo tírélà tó ń bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ lójú tí kò sì yà, ṣé ọkọ̀ tí kò ga dé orúnkún rẹ̀ ló máa wá sá fún?

Tàbí kí ẹ kúkú gbé G náà wọlé. Kọ́ọ̀ṣì tó bá gùn tó mítà 25 lójú ayé á ju mítà kan lọ ní ìwọ̀n yìí. Ẹ so mẹ́wàá pọ̀, ó ti di mítà 11, ẹ kò sì tíì so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ rúùmù kan àti pálọ̀ ni ẹ háyà, orí ọkọ̀ á ti máa kí aládùúgbò yín kú ilé kí ìdí rẹ̀ tó kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Bẹ́ẹ̀ ni kí àdúgbò ṣe mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Bí owó kò bá sí, ẹ sáré gba ọ̀nà òdìkejì. Ilé-iṣẹ́ Märklin bẹ̀rẹ̀ sí í ta Z lọ́dún 1972, 1:220, irin rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà 6.5 lọ. Àwọn ará Japan tún wá gbé T jáde lọ́dún 2006, 1:450. Nínú T, géńdé tó ga ní fíìtì mẹ́fà ti di mìlímítà mẹ́rin. Odindi ìlú á gba orí tíréè tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Ẹ má wulẹ̀ ronú nípa ọyẹ́. Ọkọ̀ wọ̀nyí ń gba iná láti ara irin, láti ara irin sí táyà rẹ̀, láti táyà sí ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá sì ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fúyẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni eruku díẹ̀ ṣe máa ń dá a dúró. Nígbà tí eruku oṣù kìíní bá ti bo Ṣàgámù, ọkọ̀ yín á lọ ínǹṣì méjì, á dúró, á tún lọ ínǹṣì kan. Ọlọ́gbọ́n á fi aṣọ tó rin nínú sípírítì nu irin náà kó tó tan iná sí i. Ẹ̀yin, ẹ fi epo pupa pa á kó lè máa yọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Ọmọ Rẹ́mọ mélòó ni kò ní ẹ̀gbọ́n ní London, àbúrò ní Houston, àti ọmọ ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Frankfurt? Ẹ pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan pé kó fi ọkọ̀ ojú irin díẹ̀ ránṣẹ́ sínú ẹrù Kérésì, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ kò sọ fún ẹnì kan pé ẹ ti bẹ ẹlòmíì. Ẹ má dárúkọ ìwọ̀n kankan. “Bọ̀dá mi, èyíkéyìí tí ẹ bá rí,” ẹ ṣáà sọ bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá London á ra OO, nítorí òun ni wọ́n ń tà jù nílùú Ọba, 1:76. Àbúrò Houston á ra HO, 1:87, nítorí òun ló pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ti Frankfurt á rìn wọ ṣọ́ọ̀bù, á ní kí wọ́n gbé èyí tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù wá fún òun, wọ́n á sì dì í ní Märklin. Ẹ tú páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ́jọ́ kan náà.

Inú yín á kọ́kọ́ dùn, nítorí irin London àti irin Houston bá ara wọn mu rẹ́gí: mìlímítà 16.5 ni àlàfo méjèèjì. Ìtàn rẹ̀ nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmùgọ̀ kò nílò ìtàn. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì ni eré yìí bọ́ sórí tábìlì. Ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ̀, kò sì ga tó ti Yúróòpù yòókù àti ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n dín tiwọn kù sí 1:87, ẹ́ńjìnnì oníná tó wà nígbà náà kò wọnú rẹ̀. Ni wọ́n bá fẹ ara ọkọ̀ sí 1:76, wọ́n sì fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ padà sí ojú ayé, irin tí ọkọ̀ OO ń rìn lórí rẹ̀ fi bíi mìlímítà 180 há ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó kọ́ gbogbo ayé ní rélùwéè ló ṣe èyí o, wọn kò sì tíì tún un ṣe títí di òní. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ wà ní kíláàsì yìí.

Ẹ wá to èrò sí ibùdókọ̀. Èrò tó bá páálí London wá á ga tó mìlímítà 24, èrò Houston á ga tó 21, bó tilẹ̀ jẹ́ pé géńdé onífíìtì mẹ́fà ni àwọn méjèèjì. Ẹ tò wọ́n sí ẹgbẹ́ ara wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní ọmọ ni ti Amẹ́ríkà. Ẹ fẹ́ so kọ́ọ̀ṣì London mọ́ ẹ́ńjìnnì Houston? Ti London ní ọ̀pá gbọọrọ pẹ̀lú ìkọ́ kékeré. Ti Houston dà bí ọwọ́ tó fẹ́ bọ ọwọ́, kò sì bá ìkọ́ bọ̀ ọ́. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni kí ẹ fi so wọ́n.

Ti Frankfurt ló burú jù, ìyẹn ni pé òun ló dára jù fún ìlànà yìí. DC ni London àti Houston ń jẹ, AC ni wọ́n ti ń fún ti Märklin láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo ilé ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oní-sólà báyìí. Ìṣó kéékèèké tó tò sáàárín irin ló ti ń mú iná kan, ó ń mú ìkejì lára irin fúnra rẹ̀, wọn kò sì dí iná láàárín táyà ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ gbé e sórí irin London kí ẹ sì tan iná. Iná ọ̀tún á pàdé ti òsì nídìí táyà, ohun gbogbo á sì dákẹ́.

Bí kò bá dákẹ́, ẹ ti ẹ̀rọ iná Houston bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, ṣùgbọ́n adápítọ̀ wà lọ́jà. Adápítọ̀ ń yí ẹnu padà ni, kò yí iná padà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún fóòtì 120 á sì bá nǹkan bíi 230 pàdé, bó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n múná wá dáadáa. Èéfín á jáde. Ẹ pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá wò ó, ẹ sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni rélùwéè ayé àtijọ́ náà ṣe ń yọ èéfín.

Ọlọ́gbọ́n kan wà ní Màkún tí kò ní sùúrù fún irú nǹkan báyìí. Ó mọ̀ pé fóòtì 12 DC ni OO àti HO ń jẹ, iye tó wà nínú bátìrì ọ̀kadà. Nítorí náà, yálà iná wá tàbí kò wá, ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí wáyà rẹ̀: fíúsì kékeré kan wà níbẹ̀, nítorí pé bátìrì kò mọ̀gbà tó yẹ kó dúró bí irin méjèèjì bá kan ara wọn. Ẹ yọ fíúsì náà tì, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wáyà ṣe ń pọ́n kó tó jó.

Ó ku tábìlì. Pílíwúùdù tí ẹ máa rí lọ́dọ̀ àwọn onígi, 8 báì 4 ni, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti ń tẹ́ HO sórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Òbìrìkítí HO tó kéré jù tí wọ́n sábà máa ń tà níbẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 36. Pílíwúùdù kan gbà á, ó sì tún ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán nìyẹn, ẹ má fetí sí i. Ẹ pe kápẹ́ńtà kó wá kan tábìlì náà mọ́nú yàrá, kó fi ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta rẹ̀ ti ògiri, kó máa lo igi tí ikán fẹ́ràn. Ẹ má wọn ilẹ̀kùn. Bí ọkọ̀ bá ṣubú ní ìpẹ̀kun ọ̀hún, apá yín kò ní í tó o, ẹ ó gun orí tábìlì lọ gbé e. Bí onílé bá ní kí ẹ kó jáde, tábìlì á dúró tì í.

Ìbéèrè tí ọlọ́gbọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, òun ni kí ẹ̀yin fi parí: rélùwéè wo gan-an lẹ fẹ́ ṣe? Méjì ló wà nílẹ̀ wa tí ojú irin wọn kò dọ́gba. Ti àtijọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó lọ́dún 1896, tó gba Ọ̀tà àti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1901, tó sì ti dé Kano nígbà tó fi máa di 1912, mìlímítà 1067 ni. Ti tuntun tí àwọn ará Ṣáínà kọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, mìlímítà 1435 ni. (Èkó tiẹ̀ ti ní èyí tó há ju méjèèjì lọ rí: ọkọ̀ onírin kékeré tó ń ti Ìddó wọ Erékùṣù láti 1902 títí di 1933, mìlímítà 762. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìyẹn, ẹ ti kúrò lómùgọ̀, ẹ ti di nǹkan mìíràn.)

Òmùgọ̀ á sọ pé irin ni irin. Á ya ẹ́ńjìnnì àtijọ́ aláwọ̀ ewé àti funfun sí 1:87, á gbé e sórí irin HO, á sì pe bàbá kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè wá wò ó. Bàbá náà á wo ẹsẹ̀ ọkọ̀, á ní, “Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí mà yakata.” Òótọ́ ló sọ. Mìlímítà 16.5 nígbà 87 jẹ́ 1435, ti àwọn ará Ṣáínà nìyẹn géérégé. Bó bá jẹ́ ti tuntun lẹ fẹ́, HO tọ́, kò sí àríyànjiyàn.

Ti àtijọ́ ní àrékérekè tirẹ̀, èmi ì bá má sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò ní lò ó. Irin HO yẹn kan náà ni ẹ máa tẹ́, ṣùgbọ́n 1:64 ni ẹ máa kọ́ ọkọ̀ orí rẹ̀. 16.5 nígbà 64 jẹ́ 1056. Mìlímítà 11 péré ló fi dín sí irin gidi, ojú ènìyàn kò lè rí i. Àwọn ará New Zealand àti àwọn ará Queensland ní Ọsirélíà, tí rélùwéè wọn fẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tiwa, ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Irin ọ̀pọ̀, owó pọ́ọ́kú, ọkọ̀ tó tóbi tó kí àgbàlagbà rí i láìwá awò.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ ó fọwọ́ ara yín kọ́ ọkọ̀ náà, nítorí ẹ kò ní rí ti Nàìjíríà rà lọ́jà. Ẹ ó lọ sí Jaekel House ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, ilé tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1898 nínú ọgbà rélùwéè, tó ti di ilé àkójọ ohun àtijọ́ báyìí, kí ẹ lọ wo àwòrán. Orúkọ Francis Jaekel ni ilé náà ń jẹ́, òun ló kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà sínú ìwé onípele mẹ́ta. Ẹ ó wá jókòó ti agolo mílíìkì, sísọ́ọ̀sì, gọ́ọ̀mù àti fáìlì. Ọmọ Rẹ́mọ wo ni kò fi agolo àti bàtà sílípáàsì ṣe mọ́tò ní kékeré? Táì Ṣólàrín dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, ó sì gbà pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ bí orí rẹ̀ ṣe mọ ìwé. Ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ Mayflower. Ẹ lọ dúró de ẹrù.

Àwọn kan nínú yín ti ń gbèrò pé àwọn máa kọ́ gbogbo ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kò ní sí ibùdókọ̀ kan tó ṣẹ́ kù. Ẹ káre. Ní HO, kìlómítà 157 di kìlómítà 1.8. Ní N, 1:160, ó kù díẹ̀ kó pé kìlómítà kan. Ní G, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé méje. Ọlọ́gbọ́n á mú ibùdókọ̀ kan ṣoṣo, á ṣe é dáadáa lórí pílíwúùdù kan, á fi ìyókù sílẹ̀ fún ojú inú. Ẹ̀yin, ẹ lọ bẹ àwọn baálẹ̀ fún ilẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wà láàárín yín tó ti ń yọ jáde lómùgọ̀, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún un. Ẹ má ṣe Abẹ́òkúta. Rélùwéè àkọ́kọ́ kò gba Rẹ́mọ, rélùwéè kejì kò gbà á. Ẹ gé pílíwúùdù yín, ẹ fi ibùdókọ̀ kan sí Ṣàgámù lẹ́bàá Sábó, kí ọkọ̀ máa kó obì níbẹ̀, ẹ fi èkejì sí Ìkẹ́nnẹ́, kí ẹ sì tẹ́ irin láàárín wọn. HO ni kí ẹ lò, kí ó lè bá ti 2021 mu. Ẹ kò nílò ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni ní Àbújá.

Ìkẹ́nnẹ́ kò sì ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ìjọba ń sọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin tuntun lórúkọ lọ́dún 2020, wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1909, pe ti Ìbàdàn tó wà ní Mọ́níyà. Wọ́n fi orúkọ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ìdílé rẹ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ wá, tó tún jẹ́ ọkọ ọmọ-ọmọ Awólọ́wọ̀, pe ti Kájọlà. Orúkọ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ méjì ló wà lójú irin yẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ ọkọ̀ náà láti Ìkẹ́nnẹ́, mọ́tò ló máa kọ́kọ́ wọ̀ jáde kúrò ní Rẹ́mọ.